Àpótí Púpọ̀ Lójú Ìwé Kan: Ìtàn Bí A Ṣe Ń To Àwòrán Ìṣirò Pọ̀

Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lójú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ àti ní ìgbèríko tó yí i ká, ni Ìkirè, Àpòmù àti Orílẹ̀-Òwu wà, ìlú mẹ́ta tí ìtàn so pọ̀ ṣùgbọ́n tí ètò ìjọba pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ìkirè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé, Àpòmù ni ti Ìṣọ̀kan, Orílẹ̀-Òwu sì wà lábẹ́ Ayédáadé, tí olú ìlú tirẹ̀ jẹ́ Gbọ̀ngán. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn ní ọdún 2006, Ayédáadé ní ènìyàn 150,392, Irewọlé ní 143,599, Ìṣọ̀kan sì ní 103,177. Bí ẹnikẹ́ni bá fi òpó mẹ́ta ya iye wọ̀nyí sórí ìwé, òpó Ayédáadé ni yóò ga jù, òǹkàwé yóò sì rò pé ibẹ̀ ni èrò ti há mọ́ra jù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ayédáadé fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 1,113, nígbà tí ti Irewọlé kò ju 271 lọ, tí ti Ìṣọ̀kan sì jẹ́ 179 péré. Tí a bá wá pín iye ènìyàn sí iye ilẹ̀, ènìyàn bí 135 ni yóò kan kìlómítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ní Ayédáadé, 530 ní Irewọlé, àti 576 ní Ìṣọ̀kan; èyí tí ó ṣíwájú nínú àwòrán àkọ́kọ́ ni ó kẹ́yìn nínú ìkejì, èyí tí ó kẹ́yìn sì bọ́ síwájú. Kò sí irọ́ nínú èyíkéyìí nínú àwòrán méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ọ̀kan láìwo èkejì ti di agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá.

Àṣà tí a ń tọpasẹ̀ rẹ̀ níhìn-ín ni ti kíkó àwòrán ìṣirò méjì, mẹ́ta tàbí ogún jọ sójú ìwé kan ṣoṣo, kí ojú lè máa lọ kí ó máa bọ̀ láàárín wọn. Àwòrán ìṣirò ni àwòrán tí a fi ìlà, òpó tàbí àmì ya láti fi iye nǹkan hàn, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní gíráàfù. Àpótí ni ààyè tí a pín fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lójú ìwé náà. Òṣùwọ̀n sì ni ìlà olónǹkà tó wà létí àpótí, èyí tí a fi ń mọ iye tí gíga òpó kan dúró fún. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ni ó ń to àpótí wọ̀nyí, nípa àṣẹ tí ènìyàn kọ fún un ní èdè tí ó gbọ́. Síbẹ̀ àṣà náà ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé, ohun tí ó sì le nínú rẹ̀ nígbà náà kò tíì rọ̀ títí di òní, ìyẹn ni mímọ ohun tí ó yẹ kí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ ohun mìíràn, àti òṣùwọ̀n tí wọn yóò jọ lò.

Ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, William Playfair, ni ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ó kọ́kọ́ sọ irú àwòrán yìí di ohun tí oníṣòwò àti olóṣèlú lè kà. Ìwé rẹ̀, The Commercial and Political Atlas, jáde ní ọdún 1786 pẹ̀lú àwòrán 44, tí gbogbo wọn jẹ́ ìlà tí ń gòkè tí ń sọ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, àyàfi ọ̀kan ṣoṣo tí ó fi òpó ya nítorí pé ọdún kan péré ni ó rí ìṣirò rẹ̀ gbà. Àwòrán kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1821, nígbà tí owó ọkà ń dá awuyewuye sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kan ọ̀rọ̀ yìí jù. Ó fi òpó ya iye owó àlìkámà láti 1565 títí di 1821, ó fa ìlà owó ọ̀sẹ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kọjá nísàlẹ̀ wọn, ó sì to orúkọ àwọn ọba tó jẹ ní sáà kọ̀ọ̀kan sókè, tó fi jẹ́ pé ọdún kan náà ni ojú ń bá bọ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ kí a rí ni pé ọkà kò tíì rọrùn ún rà fún òṣìṣẹ́ tó báyìí rí, bí a bá fi owó iṣẹ́ wọ̀n ọ́n. Kò sí ẹni tí ó lè rí èyí nínú àwòrán náà láìjẹ́ pé ó jókòó ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀, nítorí pé owó àlìkámà jẹ́ ti ìwọ̀n ọkà ńlá kan, owó iṣẹ́ sì jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni ó sì gbé méjèèjì lé orí òṣùwọ̀n ṣílè kan náà. Òpó àlìkámà ga fíofío, ìlà owó iṣẹ́ sì nà gbalaja nísàlẹ̀ bí ẹni pé kò yí padà. Ká ní Playfair fi àpótí kan kún un nísàlẹ̀, tí ó ya iye ọ̀sẹ̀ tí oníṣẹ́ ọwọ́ yóò fi ṣiṣẹ́ kí ó tó lè ra ìwọ̀n ọkà kan sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá hàn kedere.

Sáà tí Playfair gbé láyé náà ni ogun fọ́ Òwu àtijọ́, ìlú tí Orílẹ̀-Òwu ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọjà Àpòmù ni ará Ifẹ̀, Òwu, Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, ibẹ̀ ni a ti ń rà tí a sì ń ta ẹrú, ibẹ̀ náà sì ni ìjà kan lórí ataare ti dá kún ohun tó di ogun, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di 1921. Akin Mabogunje àti John Omer-Cooper tún gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú Owu in Yoruba History ní 1971, àwọn òpìtàn sì ń jiyàn lórí ọdún tí Òwu bọ́ gan-an. Àwọn ará Òwu fọ́n ká, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta nígbẹ̀yìn. Àwọn tí a kó lẹ́rú lákòókò ogun wọ̀nyẹn di iye lásán nínú ìwé àwọn ọlọ́kọ̀ òkun, iye tí a kà ní etí òkun, láìsí orúkọ ìlú tí a ti mú wọn.

Ní òdìkejì òkun yẹn ni a ti rí iṣẹ́ ọwọ́ tó gbé àṣà yìí ga. Ní ọdún 1900, nígbà àfihàn àgbáyé tí a ṣe ní Paris, W.E.B. Du Bois àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Atlanta gbé àwòrán ìṣirò bí ọgọ́ta lọ, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ yà tí wọ́n sì kùn ní àwọ̀ pupa, dúdú, àwọ̀ ewé àti wúrà, láti fi ìgbésí ayé àwọn ènìyàn dúdú ní Georgia àti ní Amẹ́ríkà lápapọ̀ hàn. Àwòrán tó ṣíwájú fi ayé hàn bí òbìrí méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, pẹ̀lú ìlà tó ti Áfíríkà sọdá òkun. Lórí páálí mìíràn, Du Bois ya ilẹ̀ Georgia lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ọdún 1870, èkejì fún 1880, pẹ̀lú ààlà kan náà àti àwọ̀ kan náà fún ìwọ̀n iye ènìyàn kan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí ó bá yàtọ̀ láàárín àpótí méjèèjì fi lè jẹ́ ìyàtọ̀ ọdún mẹ́wàá, láìjẹ́ ìyàtọ̀ ọwọ́ ayàwòrán. Ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú nínú ìwé àwòrán tí Francis Walker ṣe kòkáárí rẹ̀ ní 1874, níbi tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ní àpótí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ní owó àti òṣìṣẹ́, Du Bois kò sì ní ju akẹ́kọ̀ọ́, rúlà àti yíǹkì lọ.

Ìnira iṣẹ́ ọwọ́ yìí kò ṣeé fojú fò. Bí ayàwòrán bá ti fa òṣùwọ̀n sí àpótí mẹ́wàá tán kí ó tó rí i pé iye kan nínú ìkẹwàá ga ju òkè òṣùwọ̀n náà lọ, kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí ó tún gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yà, tàbí kí ó fún àpótí kan ṣoṣo yẹn ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, kí ó sì bẹ òǹkàwé pé kí ó má tan ara rẹ̀ jẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó yan ọ̀nà kejì, èyí sì wà lára ohun tó mú kí àwòrán tí a tò pọ̀ pẹ̀lú òṣùwọ̀n kan náà ṣọ̀wọ́n nínú ìwé fún ìgbà pípẹ́.

Kọ̀ǹpútà wọ ilẹ̀ Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1960, nígbà tí a fẹ́ ṣe ìṣirò iye ènìyàn tí a kà ní 1962 sí 1963, ilé-iṣẹ́ IBM sì dá ibùdó ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Ìwé tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀ jáde kún fún nọ́ńbà àti lẹ́tà, ìlà dọ́gbadọ́gba, ojú ewé lórí ojú ewé, àwòrán kò sì tíì jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣirò nígbà náà tilẹ̀ ka àwòrán sí ohun tí a fi ń ṣe ìwé lọ́ṣọ̀ọ́ fún àwọn tí kò lè ka nọ́ńbà.

Ìwà yìí ni Francis Anscombe, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Yale, kọ lù ní 1973. Ó ṣe ọ̀wọ́ nọ́ńbà mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orísìí mọ́kànlá, ìpíndọ́gba nọ́ńbà òsì jẹ́ 9 nínú gbogbo wọn, ti ọ̀tún jẹ́ 7.5, ìlà tó bá wọn mu jù sì jẹ́ ọ̀kan náà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá ka ìṣirò nìkan yóò búra pé ohun kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí Anscombe ya wọ́n sínú àpótí mẹ́rin lórí òṣùwọ̀n kan, àkọ́kọ́ jẹ́ àmì tó fọ́n yí ìlà ká bó ṣe yẹ, ìkejì tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun, ìkẹta tò gbọọrọ àyàfi àmì kan tó yapa, ìkẹrin sì dúró ṣánṣán lójú kan pẹ̀lú àmì kan ṣoṣo tí ó jìnnà tí ó sì fa ìlà náà mọ́ra. Bí a bá fi ọ̀kan nínú wọn hàn fúnra rẹ̀, kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Edward Tufte, tí ìwé rẹ̀ The Visual Display of Quantitative Information jáde ní 1983, ni ó wá sọ irú ètò yìí, àpótí kéékèèké tí ìrísí wọn jọra tí ohun kan péré sì yàtọ̀ láti inú ọ̀kan dé èkejì, di òfin tí àwọn ayàwòrán ń tọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni ó pèsè àpẹẹrẹ tí ó lókìkí jù lọ. Ní 1931 àti 1932, àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, gbin oríṣi ọkà bálì mẹ́wàá sí oko mẹ́fà, wọ́n sì kọ iye tí oko kọ̀ọ̀kan so sílẹ̀ ní ọdún méjèèjì, nọ́ńbà 120 lápapọ̀. R.A. Fisher, àgbà nínú ìmọ̀ ìṣirò, lo díẹ̀ nínú wọn nínú ìwé rẹ̀ ní 1935, àwọn mìíràn sì lò wọ́n lẹ́yìn rẹ̀, láìsí ẹni tó rí nǹkan kan tó ṣàjèjì. Bí àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà, William Cleveland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bell Labs, ilé-iṣẹ́ ìwádìí tẹlifóònù Amẹ́ríkà, pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kí ó to oko mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú àpótí mẹ́fà lórí ara wọn, oríṣi ọkà mẹ́wàá létí òsì, iye èso ní ìbú, àmì kan fún 1931 àti òmíràn fún 1932, gbogbo rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo. Wọn kò sì to oko náà ní a-b-d. Ibi tí èso ti pọ̀ ni wọ́n fi ṣe atọ́nà, kí oko tó so dáadáa máa ga sí i láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè. Nínú oko márùn-ún, àmì 1931 ṣíwájú ti 1932. Nínú ìkẹfà, ní ìlú Morris, 1932 ni ó ṣíwájú, bí ẹni tí ó kọjú sí ibi tí gbogbo èrò kọ̀yìn sí. Cleveland sọ nínú ìwé rẹ̀, Visualizing Data, ní 1993, pé àfàìmọ̀ ni kò fi jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ti fi ọdún kan pe èkejì ní Morris.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń pa á tì sí. Ní 2013, Kevin Wright, onímọ̀ ìṣirò, wá àkọsílẹ̀ ọdún púpọ̀ sí i láti inú oko kan náà, ó sì rí i pé kí oko kan máa yí padà lódì sí àwọn tó kù láàárín ọdún méjì kì í ṣe ohun àràmàǹdà ní Minnesota, nítorí náà kò pọn dandan pé kí ẹnikẹ́ni ti ṣe àṣìkọ. Àpótí mẹ́fà tó jókòó lórí òṣùwọ̀n kan lè fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà han ènìyàn. Wọn kò lè sọ ohun tó fà á. Àgbẹ̀ tó mọ̀ pé òjò lè rọ̀ ní Ìkirè kí ó má kán sílẹ̀ ní Orílẹ̀-Òwu lọ́jọ́ kan náà kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Èdè tí a fi pàṣẹ fún ẹ̀rọ Cleveland ni S, tí John Chambers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní 1976. Ní Yunifásítì Auckland, ní New Zealand, Ross Ihaka àti Robert Gentleman ṣe èdè mìíràn tó jọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1990, wọ́n pè é ní R, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé ní 1995. Nínú R àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ àpótí mẹ́fà yóò kọ par(mfrow = c(2, 3)), èyí tó túmọ̀ sí pé kí ẹ̀rọ pín ojú ìwé sí ìlà ìbú méjì àti ìlà òòró mẹ́ta, kí ó sì máa fi àwòrán tó bá tẹ̀ lé e kún àpótí tó kàn; ojúṣe òṣùwọ̀n sì wà lọ́rùn ẹni tó ń kọ àṣẹ. Deepayan Sarkar gbé ọ̀nà Cleveland wọ inú R, Hadley Wickham sì ṣe ggplot2, níbi tí ènìyàn kò tilẹ̀ ní láti ka àpótí mọ́: yóò kàn sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó pín àwòrán sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ yóò sì yẹ nọ́ńbà wò, yóò ṣe àpótí tó bá yẹ, yóò sì fún gbogbo wọn ní òṣùwọ̀n kan náà àyàfi tí wọ́n bá ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú èdè Python, John Hunter, tó ń ṣe ìwádìí lórí ọpọlọ àwọn alárùn wárápá, bẹ̀rẹ̀ matplotlib ní nǹkan bí 2003, àṣẹ plt.subplots(2, 3, sharey=True) sì ń ṣe ohun tó jọ èyí, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nínú rẹ̀ ni ó sì ń sọ pé kí àwọn àpótí jọ lo òṣùwọ̀n òòró. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, ẹ̀rọ yóò fún àpótí kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n tó bá nọ́ńbà inú rẹ̀ mu, àpótí Ayédáadé pẹ̀lú 135 yóò sì kún dẹ́múdẹ́mú gẹ́gẹ́ bí ti Ìṣọ̀kan pẹ̀lú 576. Ìnira tí ó mú kí ayàwòrán ìgbà Du Bois ronú nípa òṣùwọ̀n fún ọjọ́ púpọ̀ ti lọ, ìrònú náà sì máa ń bá a lọ nígbà mìíràn.

Kókó, tí ó ti jẹ́ owó ilé fún agbègbè Ìkirè, Àpòmù àti Orílẹ̀-Òwu láti ìgbà àwọn bàbá ńlá, fi hàn pé ọ̀nà tí a gbà to àpótí ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Láti 1947 tí ìjọba amúnisìn ti dá àjọ tó ń ra kókó ní Nàìjíríà sílẹ̀, àjọ náà ni ó ń pinnu iye tí a ó san fún àgbẹ̀ fún odidi sáà kan, bí ọjà àgbáyé tilẹ̀ ń gòkè sọ̀kalẹ̀ lójoojúmọ́. Ní 1954 agbára yìí bọ́ sọ́wọ́ àjọ ti ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹni tó bá ya owó ọjà ìta sínú àpótí òkè, tó sì ya owó tí àjọ san sínú àpótí ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ọdún kan náà ní ìbú àti òṣùwọ̀n owó kan náà ní òòró, yóò rí ìlà tó ń jó bí ìgbì lókè, yóò sì rí àtẹ̀gùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, èyí tí kì í gbéra títí sáà yóò fi yí. Àlàfo tó wà láàárín gíga méjèèjì ni owó ìnáwó, owó orí àti èyí tí àjọ fi pamọ́, ọ̀rọ̀ tí Peter Bauer gbé dìde nínú West African Trade ní 1954, tí ó sì wà lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà fi dìde ní 1968 àti 1969. Ìdí tí a fi to èyí ní òkè àti ìsàlẹ̀ ni pé àkókò ni a ń fi wéra: ojú gbọ́dọ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ tààrà láti orí ọdún kan nínú àpótí kan dé orí ọdún kan náà nínú èkejì. Iye ènìyàn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta, ní tirẹ̀, ìbú ló yẹ wọ́n, nítorí pé gíga òpó ni a ń wò, ojú sì máa ń mọ ohun tó ga jù nígbà tí àwọn òpó bá dúró lórí ilẹ̀ kan náà. Àwọn àjọ ìrajà kókó ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ní 1986. Nínú àwòrán tó bá kọjá ọdún yẹn, àtẹ̀gùn àpótí ìsàlẹ̀ dópin, ìlà tó ń jó bíi ti òkè sì gba ipò rẹ̀.

Oríṣi kejì tún wà, níbi tí àwọn àpótí kò ti jọra: òjò nínú ọ̀kan, owó nínú èkejì, àwòrán ilẹ̀ nínú ìkẹta. Èyí súnmọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a ń pè ní Olókun, tí àwọn aládìrẹ ń pín sí àpótí-àpótí, tí iṣẹ́ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ síra, tí etí aṣọ nìkan so wọ́n pọ̀. Ewu rẹ̀ ni pé kò sí òṣùwọ̀n kan tó lè so òjò mọ́ náírà, nítorí náà ẹni tó to àwòrán náà ní láti mọ ìdí tí wọ́n fi jọ wà lójú kan. Fún irú iṣẹ́ yìí ni Claus Wilke ṣe cowplot, tí Thomas Lin Pedersen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, sì ṣe patchwork nínú èdè R. Nínú patchwork, tí a bá ti sọ àwòrán kan ní p1, tí a sọ èkejì ní p2, p1 | p2 yóò to wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, p1 / p2 yóò gbé ọ̀kan lé orí èkejì, (p1 | p2) / p3 yóò sì tẹ́ ìkẹta sílẹ̀ gbalaja lábẹ́ àwọn méjì tó kù. Àlàyé àwọ̀ tó bá jọra ni a lè kó jọ sí ojú kan, kí a má baà tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Àwọn àmì | àti / wọ̀nyí ti wá ní ìwúlò tí àwọn tó dá àṣà náà sílẹ̀ kò lè rò. Ojú ìwé àti páálí ni Playfair àti Du Bois ní lọ́kàn, méjèèjì sì fẹ̀; ọ̀pọ̀ òǹkàwé ní Ìkirè àti Àpòmù lónìí, láti orí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Ìkirè dé orí oníṣòwò kókó, ń ka nǹkan lórí fóònù tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àpótí mẹ́ta tí a tò ní ìbú yóò há mọ́ra lórí rẹ̀ débi pé nọ́ńbà etí òṣùwọ̀n kò ní ṣeé kà, nítorí náà ẹni tó kọ àṣẹ náà yóò pa àmì | dà sí /, àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sì dúró lórí ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òpó ni ó wà nínú wọn, ó tún ní láti tẹ́ òpó náà sílẹ̀ ní ìbú, kí Ayédáadé, Irewọlé àti Ìṣọ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ láti etí òsì kan náà. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òṣùwọ̀n tí wọ́n jọ ń lò yóò ṣì wà níbẹ̀, ojú kò sì ní rí i lò.